Ọdún Òrìṣà Omi ní Róòmù àti ní Òṣogbo

Ohun kan wà tí ó máa ń yà wá lẹ́nu nínú ìwà àwa tí a rí ilé-ìwé lọ. Bí a bá kà á nínú ìwé àwọn ará Róòmù àtijọ́ pé obìnrin kan bọ́ sínú odò ní ilẹ̀ Ítálì, tí ó sì di òrìṣà, ẹ̀kọ́ ni a ó pè é, a ó sì kọ́ ọ sórí nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó kan ní Òṣogbo bá wí fún wa pé ohùn kan ti inú odò jáde, tí ó ń ké nítorí ìkòkò aró rẹ̀ tí a fọ́, a ó yínmú, a ó sì ní àlọ́ lásán ni. Etí kan náà ni ó yẹ kí a fi gbọ́ méjèèjì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lónìí, fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò àti gbogbo agbègbè Alímòṣọ́, kí ẹ lè fi ojú ara yín wò ó. A kò wá sọ ẹnikẹ́ni di abọ̀rìṣà. Inú ìjọ ni a ti tọ́ àwa dàgbà, ibẹ̀ náà ni a sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí tí àwọn baba rẹ̀ fi ń ṣe nǹkan kan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá kí ó pa á mọ́ tàbí kí ó jù ú nù?

Lórí ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí gan-an, ìtàn omi kì í ṣe àjèjì. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímòṣọ́. Àwọn àgbà Àwórì a máa sọ pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, a fi àwo kan lé e lọ́wọ́, a sì pàṣẹ fún un pé kí ó gbé e lé orí omi, kí ó máa tẹ̀lé e, àti pé ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó. Ó tẹ̀lé odò Ògùn wá láti òkè. Àwo dúró díẹ̀ níhìn-ín, ó dúró díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ó fi dé Ìṣẹ̀rì, níbi tí ó gbé rì pátápátá. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì béèrè pé àwo ńkọ́, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ Àwórì ti jáde. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe olórí ni ó yan ibùdó nínú ìtàn yìí. Omi ni ó yàn án. Kí ẹ mú èyí lọ́wọ́ bí a ti ń lọ sí Róòmù.

Ní ìlú Róòmù àtijọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Erẹ́nà ni ọdún òrìṣà kan tí ń jẹ́ Anna Perenna. Ọjọ́ yẹn kan náà ni a gún Julius Caesar pa, ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Olúwa wa, nítorí náà ni ayé ṣe mọ ọjọ́ náà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ ni fún àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù. Akéwì Ovid, tí ó gbé ayé ní ìgbà Késárì Augustu, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé kẹta Fasti, èyí tí ó kọ nípa ọdún àwọn ará Róòmù láti oṣù dé oṣù. Ó ní wọn a jáde lọ sí tòsí odò Tiber, lọ́kùnrin lóbìnrin a sì tẹ́ ara sórí koríko. Àwọn kan a fi ẹ̀ka igi ṣe àtíbàbà. Àwọn mìíràn a ri esùsú mọ́lẹ̀ bí òpó, wọn a sì na aṣọ wọn lé e lórí. Wọn a máa mu ọtí wáìnì, iye ago tí ènìyàn bá sì mu ni iye ọdún tí ó ń tọrọ láti lò sí i láyé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ dàgbà gidigidi kò ní í tètè gbé ago sílẹ̀. Orin a tẹ̀lé e, ijó a tẹ̀lé orin, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọn a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sílé. Akéwì náà ní òun pàdé wọn lọ́nà: ìyá arúgbó kan tí ó ti yó, ó ń fa bàbá arúgbó kan tí ó ti yó lọ.

Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ọdún ni orúkọ òrìṣà náà ti wá. Oṣù Erẹ́nà ni oṣù kìíní ọdún ní Róòmù ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ó bá sì rúbọ sí Anna Perenna ń tọrọ pé kí òun la ọdún yìí já, kí òun sì tún rí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti kọ ìwé púpọ̀ láti ṣàlàyé bí òrìṣà kan ṣe lè jẹ́ ti oṣù méjìlá tí ń yí, kí ó sì tún jẹ́ ti àjọyọ̀ ọjọ́ kan. Yorùbá ni ó yẹ kí èyí tètè yé jù lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe méjèèjì: ọdún ni, ọdún náà sì ni. Ẹni tí ó bá sì ti kí aládùúgbò rẹ̀ pé àṣèyí-ṣàmọ́dún ti ṣe irú àdúrà tí àwọn ará Róòmù ń ṣe létí Tiber lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ta ni Anna yìí? Ibí ni ọ̀rọ̀ gbé dùn. Ovid kò rí ẹyọ ìtàn kan ṣoṣo sọ. Ó kó wọn jọ, ó pàtẹ wọn bí ẹni tí ń ta ọjà. Èyí tí ó gùn jù lọ ni pé ọmọ ọba ni Anna ní ìlú Carthage, ní etí òkun Áfíríkà, àti pé arábìnrin ayaba Dido ni í ṣe. Ní Áfíríkà, ẹ̀yin ará wa. Aeneas, tí àwọn ará Róòmù ń pè ní baba ńlá wọn, ti ṣe àlejò lọ́dọ̀ Dido, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Dido sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Nígbà tí ayaba kú, ọba Iarbas gba ìlú náà, Anna sì sá bọ́ sínú ọkọ̀. Ó dé erékùṣù Mẹ́lítà, èyí tí àwọn tí ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí. Ọba ibẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí arákùnrin Anna, Pygmalion, gbé ogun dìde láti wá a, ọba náà bẹ̀rù, ó ní kí ó máa lọ. Ìjì sì gbé e lọ sí etí òkun Laurentum ní Ítálì, níbi tí Aeneas ti ń jọba nígbà náà.

Aeneas ń rìn létí òkun, ó rí i, ó sì sunkún. Ó mú un lọ sílé, ó sì fà á lé Lavinia aya rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó fẹ́ràn rẹ̀ bí arábìnrin. Lavinia gbà á ní ojú, kò gbà á ní inú. Ó ń rí ẹ̀bùn tí ọkọ rẹ̀ ń fún àlejò ní gbangba, ó sì rò pé èyí tí a ń fún un ní kọ̀rọ̀ yóò ju èyí lọ. Orogún kì í pẹ́ gbọ́ òórùn orogún, bí kò tilẹ̀ sí orogún nílé! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pète ibi. Ní òru, Dido tí ó ti kú fara han Anna lójú àlá, irun rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ó sì wí fún un pé kí ó sá kúrò nínú ilé náà. Anna bẹ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì ń sáré nínú òkùnkùn bí àgbọ̀nrín tí ó gbọ́ ohùn ìkookò, títí odò Numicius fi gbé e lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ dé bèbè odò. Odò náà dá ìró rẹ̀ dúró. Ohùn kan sì ti inú omi jáde, ó ní òun ti di ọmọ-omi ní Numicius, òun fara pamọ́ sínú odò tí kì í gbẹ, kí wọ́n sì máa pe òun ní Anna Perenna. Àwọn tí wọ́n ti ń wá òkú jókòó sínú pápá níbẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá sì rò pé ó parí, Ovid ní ó kù. Àwọn kan ní òṣùpá ni Anna. Èyí tí ó wu àwa jù lọ, tí a sì rò pé yóò wu àwọn ìyá wa tí ń ta oúnjẹ ní ọjà Ìkọ̀tún, ni ti ìyá arúgbó ìlú Bovillae. Ní ọdún 494 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọrùn gbèsè wọ àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù, wọ́n bínú sí àwọn ìjòyè, wọ́n kó jáde kúrò nílùú, wọ́n sì lọ jókòó sórí Òkè Mímọ́. Oúnjẹ wọn tán. Anna, arúgbó tálákà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, po ìyẹ̀fun, ó ṣe àkàrà, ó sì ń pín in fún wọn ní gbígbóná láràárọ̀. Nígbà tí ìjà parí, àwọn mẹ̀kúnnù gbé ère kalẹ̀ fún un, nítorí pé ó bọ́ wọn nígbà tí kò sí ẹni tí ó bọ́ wọn.

Ti ìkẹyìn, ẹ̀rín ni. Mars, òrìṣà ogun wọn, ń fẹ́ Minerva, ó sì bẹ Anna kí ó ṣe alárinà. Anna ń fi òní dọ́la, ó ń fi ọ̀la dọ́túnla, títí ó fi wí fún un níkẹyìn pé ìyàwó ti gbà. Mars tún yàrá ṣe. A mú ìyàwó wọlé pẹ̀lú ìbòjú, Mars sì ṣí ìbòjú kí ó fẹnu kò ó lẹ́nu: ojú arúgbó alárinà ni ó rí. Ovid ní nítorí ẹ̀tàn yìí ni àwọn omidan fi ń kọ orin àwàdà, èyí tí kò ṣeé kọ níwájú àwọn àgbà, lọ́jọ́ ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí ní Òṣogbo, ìdí rẹ̀ sì ni èyí gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ní Ìpólé, ní apá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń gbé pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn. Omi wọ́n wọn. Nígbà tí Tìmẹ́hìn ń dẹ igbó kiri, ó rí odò ńlá kan, ó padà wá sọ, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó láti tẹ̀dó, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó sínú odò. Ariwo ta láti inú omi, ohùn obìnrin ni, ó ń ké pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Nínú ọ̀rọ̀ oṣó àti igbó yìí ni wọ́n ti fa orúkọ Òṣogbo yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò yóò mọ bí ó ti dun obìnrin náà tó. Ẹni tí ń rẹ aró gbọ́dọ̀ gún ewé ẹ̀lú, kí ó sá a, kí ó wá eérú, kí ó sẹ́ omi rẹ̀, kí ó sì dúró ní ọjọ́ púpọ̀ kí aró tó gbó. Bí ìkòkò bá fọ́ lọ́jọ́ tí ó gbó, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ti wọlẹ̀ lọ. Òṣogbo sì ni ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ aró. Ọ̀rọ̀ kìíní tí òrìṣà yìí bá ènìyàn sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ tàbí ti agbára: ẹjọ́ oníṣòwò tí a ba ọjà rẹ̀ jẹ́ ni.

Kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè lọ síbi tí ìkún omi kò ti ní í dé wọn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú: òun yóò dáàbò bò wọ́n, yóò fún wọn ní ọmọ, wọn yóò sì máa mú ẹbọ wá fún un lọ́dọọdún, wọn kò sì ní í ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Láròóyè gbé ẹbọ sínú odò, ẹja ńlá kan, tí í ṣe ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun, jáde wá, ó sì na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á. Atẹ́wọ́gbẹja ni ó dì, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ẹnu ènìyàn gé kù tí ó di Atáọ́ja, orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Ọba Jimoh Oyetunji, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 2010, mú orúkọ náà padà: Láròóyè Kejì ni ó ń jẹ́.

Ọdún náà a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. A ó ṣe ìwọ́pópó láti fọ ìlú mọ́, a ó tan fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún lálẹ́, a ó bọ àwọn adé àwọn ọba tí ó ti wàjà; ní ọjọ́ ìkẹyìn, Arugbá, omidan láti ìdílé ọba, yóò ru igbá ẹbọ gba àárín ìlú kọjá lọ sínú igbó Ọ̀ṣun. Gbogbo ojú ni yóò máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má bàa kọ. Àwọn àgbà a sì fi ìtàn mìíràn kún un: nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, kí àwọn Ìbàdàn tó ṣẹ́gun wọn, Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ di obìnrin olóúnjẹ, ó sì ta oúnjẹ olóró fún wọn. Ní Bovillae, arúgbó fi àkàrà bọ́ ọ̀rẹ́. Ní Òṣogbo, olóúnjẹ fi májèlé bọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó bá ń wá òrìṣà láàrín àwọn tí ń gbé agbọ̀n oúnjẹ kiri kò ṣìnà jù.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ìtàn tí ó pọ̀ báyìí kò lè jẹ́ òtítọ́ tán. Ovid tí ó kó wọn jọ kò bá ara rẹ̀ jà, àwa náà kò ní í jà. Ohun tí ó mú wa lọ́kàn ni ibi tí ìtàn méjèèjì ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n jọ ra wọn púpọ̀: àlejò tí ń wá ibi ìsinmi, bèbè odò, ohùn tí ó jáde láti inú omi, àjọyọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Anna kò béèrè ohunkóhun. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó dákẹ́, àwọn ènìyàn sì jókòó jẹun. Ọ̀ṣun béèrè. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ṣẹ̀, láti orí igi tí a gé, àdéhùn ni ó sì fi parí. Nítorí náà òfin inú igbó rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja, kò gbọ́dọ̀ dẹ ẹran, kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀, kì í ṣe èèwọ̀ tí a fi kún ọdún náà lẹ́yìn. Òun ni ọdún náà. Igbá tí Arugbá ń rù, owó ìkòkò aró ni.

Ẹ wo ohun tí ó dé bá ti Anna. Ìlú Róòmù di Kristẹni, ọdún rẹ̀ sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwé Ovid kò sọnù, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún mọ ojú omi náà. Ní ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Piazza Euclide ní Róòmù láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n bá ìsun kan pàdé tí ilẹ̀ ti bò. Orí òkúta ibẹ̀ ni a kọ orúkọ Anna Perenna sí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọdún 156 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Wọ́n hú owó àtijọ́ jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fìtílà, ìkòkò bàbà, àti òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ èpè sí. Ó ti pẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin tí a ti gbàgbé rẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀n ọdún 1950 sí 1960, ikán ti ń jẹ ojúbọ, àwọn mìíràn sì ti fi ojú sí igi àti ilẹ̀ ibẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ará Ọ́síríà tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí a sì ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ Òṣogbo, tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì mọ àwọn ère ńlá síbẹ̀. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè; ní ọdún 2005 àjọ UNESCO kọ igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àdùnní kú ní ọdún 2009. A gba igi là.

Omi ni ó kù. Odò Ọ̀ṣun dìde ní Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ wá títí ó fi wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, nítorí náà kì í ṣe omi àwọn ará Òṣogbo nìkan. Àwọn tí ń wa góòlù ní apá Ìjẹ̀ṣà, níbi tí Láròóyè ti kó kúrò nítorí àìsí omi, ń ṣan ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí iṣẹ́ wọn sínú àwọn odò kékeré tí ń bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tí ó yẹ omi náà wò bá èròjà olóró nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe mu ún. Wọ́n ṣe ọdún lọ́dún náà. Arugbá gbé igbá rẹ̀ dé etí odò, àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ sì tẹ̀lé e pẹ̀lú agbè àti ike lọ́wọ́, wọ́n bu omi náà, ó sì pọ́n bí ẹrẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi bù ú.